Ìdánwò kan náà, ìmúrasílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí owó lẹ́sìn ṣe ń pinnu ẹni tó ń wọ yunifásítì

Tí ọ̀rọ̀ ìdánwò àtiwọ yunifásítì bá ti délẹ̀, kíá làwọn èèyàn máa ń pín sí méjì. Àwọn kan á ní ìbéèrè kan náà ni wọ́n gbé síwájú gbogbo ọmọ, wákàtí kan náà ni wọ́n fún wọn, ẹni tó bá mọ̀wé ló máa wọlé, kí ló wá kan owó níbẹ̀? Àwọn tó kù á ní ẹ má tàn wá jàre, ọmọ olówó ló ń wọlé, àwọn ló ń rówó gba lẹ́sìn. Òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì o, àmọ́ kò sí èyí tó sọ ọ́ tán nínú wọn, torí nǹkan bíi mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n ń lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn: bóyá lẹ́sìn ń ṣiṣẹ́, ta ló ń jàǹfààní ẹ̀, ṣé ó ń fi kún iye ààyè tó wà, àti pé tí wọ́n bá fòfin dè é, ṣé gbogbo nǹkan á wá tò bó ṣe yẹ. Ìdáhùn wọn ò papọ̀, ìdí tó fi ń rú èèyàn lójú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú lẹ́sìn fúnra ẹ̀ ná. Lẹ́sìn tí mò ń wí ni ẹ̀kọ́ tí òbí ń san owó ẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé ìwé, ì báà jẹ́ tíṣà kan pẹ̀lú ọmọ kan nínú pálọ̀, ì báà jẹ́ sẹ́ńtà tí ọgọ́rùn-ún ọmọ jókòó sí, ì báà jẹ́ lórí fóònù. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó báyìí: ọmọ kan fẹ́ ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/3, ó kọ 2/5. Nínú kíláàsì tó ní ọgọ́ta ọmọ, tíṣà á fa ìlà pupa sí i, ó ti kọjá sórí ìwé ẹlòmíì nìyẹn, kì í ṣe pé ó burú, ìwé tó wà níwájú ẹ̀ ló pọ̀. Àmọ́ tíṣà tó jókòó ti ọmọ yẹn nìkan á bi í pé, "Báwo lo ṣe rí 2/5 yìí?" Ọmọ á ní òun ro 1 mọ́ 1, òun ro 2 mọ́ 3. Tíṣà á tún bi í, "Ó dáa, nínú 1/2 àti 2/5, èwo ló tóbi jù?" Ọmọ á rò ó, á ní 1/2 ni. "A ní 1/2 lọ́wọ́, a tún fi nǹkan kún un, báwo ló ṣe wá kéré sí 1/2?" Ẹ óò rí i tójú ọmọ máa là. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìyẹn, àmọ́ tẹ́nì kankan ò bá bi í ní ìbéèrè yẹn, àṣìṣe kan ṣoṣo yẹn á bá a dé ọdún tí wọ́n ń kọ́ áljébrà, gbogbo ẹ̀ á wá dàrú, wọ́n á ní orí ẹ̀ ò gba ìṣirò.

Àwọn olùwádìí ti wọn èyí. Lọ́dún 1984, Benjamin Bloom, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ọmọ tí wọ́n ń kọ́ lóun nìkan ń ṣe dáadáa ju bíi 98 nínú 100 àwọn tó wà nínú kíláàsì ńlá lọ, ọ̀rọ̀ yẹn sì ya gbogbo ayé lẹ́nu. Nígbà tó yá tí wọ́n kó ìwádìí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún jọ lọ́dún 2020, wọ́n rí i pé àǹfààní yẹn ò tó ti Bloom, síbẹ̀ ó tóbi: ọmọ tó ṣe dáadáa ju 50 nínú 100 ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ á wá ju nǹkan bíi 64 lọ. Níbi tí ààyè ò ti tó, gígòkè láti 50 sí 64 lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó wọlé àtẹni tó padà sílé.

Ibi tó ti ń da àwọn òbí láàmú jù wá rèé o. Àǹfààní tí mo ń sọ yìí, ti ẹ̀kọ́ tó pẹ́ ni, tó ń tún ibi tọ́mọ ti ń kùnà ṣe láti ìpìlẹ̀. Kì í ṣe ti lẹ́sìn kíákíá ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti yẹ èyí wò dáadáa lórí SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé kọ́ọ̀sì ìmúrasílẹ̀ kúkurú yẹn sábà máa ń fi nǹkan bíi máàkì 20 sí 30 kún un, nínú 1600. Ó dáa ju òfo lọ, àmọ́ kò jọ ohun tí wọ́n ń kọ sórí pátákó ìpolówó. Nítorí náà òbí tí ò lówó, tó wá lọ yáwó ní oṣù tó kẹ́yìn kó lè ra lẹ́sìn kíákíá fún ọmọ ẹ̀, èyí tó kéré jù lágbára ló rà yẹn, owó ẹ̀ sì lè wọ́n gan-an. Ìdílé tó lówó ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn látìgbà tọ́mọ ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà: ìwé nílé, yàrá tó dákẹ́, ilé ìwé tí kíláàsì ẹ̀ ò kún, ẹni tó ń bi í pé báwo lo ṣe rí i. Lọ́dún 2023, Raj Chetty, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde ní Amẹ́ríkà, ó hàn níbẹ̀ pé nínú àwọn ọmọ ìdílé tó lówó jù lọ, ẹni 1 nínú 3 ló gba 1300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú SAT, àmọ́ láàárín àwọn ọmọ ìdílé tówó wọn wà láàárín, wọn ò tó 5 nínú 100. Ìdánwò kan náà ló wà níwájú gbogbo wọn o.

Ṣé ẹ wá rí i pé ẹni tó ní "ìdánwò kan náà ni" ò parọ́? Ìdánwò yẹn ò mọ orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ohun tó ń wọ̀n kì í ṣe ọpọlọ nìkan, ó tún ń wọn iye ọdún tí wọ́n ti fi múra ọmọ sílẹ̀ àti bí ìmúrasílẹ̀ yẹn ṣe dáa tó.

Nǹkan kejì tí ò ṣe kedere sí ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọ̀rọ̀ ààyè. Ká ní 1,000 ọmọ ló ń wá ààyè 100. Tí ọmọ tèmi bá gba lẹ́sìn tí tàwọn yòókù ò gbà, ó lè gòkè láti ipò 130 sí ipò 90, ó wọlé nìyẹn, ọmọ ẹlòmíì tó wà ní ipò 100 tẹ́lẹ̀ ti bọ́ síta. Tí gbogbo wa bá wá fọmọ wa sí lẹ́sìn ńkọ́? Máàkì gbogbo wọn á gòkè, máàkì tí wọ́n fi ń gbà wọ́n wọlé náà á gòkè, ọmọ 100 náà ló máa wọlé, 900 náà ló máa padà. Ohun tó yàtọ̀ ò ju pé owó ti jáde lápò gbogbo èèyàn, àwọn ọmọ ò sì sùn tó mọ́. Èyí ò sọ pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ṣòfò o, ìmọ̀ ò kí ń ṣòfò, mò ń sọ ti ọ̀rọ̀ ààyè ni. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé ohun tó dáa fún ìdílé kan ò fi dandan dáa fún gbogbo ìlú, ìdí rèé náà tó fi ṣòro kí ìdílé kan ṣoṣo dá a dúró, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ́mọ̀ yọ ọmọ ẹ̀ kúrò ni tiẹ̀ máa kọ́kọ́ jábọ́.

Gúúsù Kòríà lẹ ti máa rí èyí gbangba. Lọ́dún 2024, ìjọba wọn ṣírò ẹ̀ pé owó táwọn ìdílé ná sórí lẹ́sìn tó tírílíọ̀nù 29.2 owó wọ́ọ̀n, ọmọ ilé ìwé 80 nínú 100 ló sì ń gba irú lẹ́sìn kan tàbí òmíràn, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé girama. Ìdílé tó ń gba mílíọ̀nù 8 wọ́ọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù ń ná nǹkan bíi 676,000 lórí ọmọ kan lóṣù, àwọn tí owó wọn ò tó mílíọ̀nù 3 ń ná nǹkan bíi 205,000. Ẹ fara balẹ̀ wo nọ́ńbà méjì yẹn. Olówó ń ná ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, síbẹ̀ tálákà ló ń ni lára jù, torí 205,000 nínú owó tí ò tó mílíọ̀nù 3, tọ́mọ bá wá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, oúnjẹ ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń bí mi nínú, mi ò ní fi bò. Láwọn orílẹ̀-èdè kan, tíṣà tó ń kọ́ ọmọ nílé ìwé láàárọ̀ náà ló ń gba owó lẹ́sìn lọ́wọ́ ọmọ yẹn kan náà nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti kọ̀wé púpọ̀ lórí èyí ní Íjíbítì àti ní Kàǹbódíà. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, tíṣà náà ò kí ń fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ tán nínú kíláàsì mọ́, ó máa ń fi apá tó ṣe pàtàkì sílẹ̀ de irọ̀lẹ́, ọmọ tí ò bá lówó lẹ́sìn kò ní rí odindi ẹ̀kọ́ tí ìjọba ti sanwó ẹ̀ fún un gbà. Ká sì má kàn bú tíṣà o, owó oṣù tí wọ́n ń san fún ọ̀pọ̀ nínú wọn níbẹ̀ ò tó gbọ́ bùkátà, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ lára ọmọ tí ò ní ló ń já sí.

Owó tíṣà nìkan kọ́ ló sì wà níbẹ̀, àwọn nǹkan míì wà tí wọn ò kí ń kà mọ́ ọn. Àkókò ń bẹ: ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, tàbí tó ń tọ́jú àwọn àbúrò, kò ní wákàtí tó fi máa kàwé, kódà tí lẹ́sìn bá jẹ́ ọ̀fẹ́. Àtúnṣe ìdánwò náà ń bẹ, ẹni tí wọ́n lè bọ́ fún odindi ọdún kan kó lè tún un ṣe ní àǹfààní tẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wáṣẹ́ lọ́la ò ní. Ibùgbé ń bẹ. Ẹ wo ìlú Kota ní Íńdíà, ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ iléeṣẹ́ lẹ́sìn, àwọn òbí máa ń kó ọmọ lọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn kó lè máa gbé ibẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì, nítorí ìdánwò àwọn tó fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ àti NEET tó wà fáwọn tó fẹ́ di dókítà. Lọ́dún 2024, àwọn tó jókòó ṣe NEET lé ní mílíọ̀nù 2.3, ààyè ẹ̀kọ́ dókítà tó wà fún wọn sì fi díẹ̀ lé ní 100,000, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ló jẹ́ ti ìjọba tówó ẹ̀ rọjú. Níbi tí ẹni ogún bá ti ń du ààyè kan, ohun tó bá fi máàkì méjì péré kún ti ọmọ, àwọn èèyàn á ta ilẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ìsọfúnni náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ tàbí ìyá ẹ̀ ti lọ yunifásítì rí, ó mọ ẹ̀kọ́ tó yẹ kó yàn, ó mọ ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ń parí, ó mọ ibi tí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ wà. Ọmọ tó jẹ́ òun ni àkọ́kọ́ nílé wọn lè ní máàkì tó gbayì kó sì yan ibi tí ò yẹ ẹ́, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Ó dáa, kí la wá fẹ́ ṣe sí i? Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wá síni lọ́kàn ni kí ìjọba fòfin de lẹ́sìn. Wọ́n ti ṣe é. Gúúsù Kòríà fòfin dè é lọ́dún 1980 lábẹ́ ìjọba ológun, kò parẹ́, ṣe ló wọlẹ̀, àwọn tó lówó ń gbà á ní kọ̀rọ̀ lówó gegere, nígbà tó sì di ọdún 2000, ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó òfin orílẹ̀-èdè yẹn ní òfin náà ò tọ̀nà, wọ́n fagi lé e. Ṣáínà náà gbé tiwọn jáde ní oṣù keje ọdún 2021, pé iléeṣẹ́ tó bá ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilé ìwé ò gbọdọ̀ jèrè lórí ẹ̀ mọ́, kò sì gbọdọ̀ kọ́ wọn ní òpin ọ̀sẹ̀ tàbí àkókò ìsinmi. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ńlá wó, àmọ́ gaokao, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì níbẹ̀, ṣì wà, iye ààyè láwọn yunifásítì tó gbayì ò kúrò bó ṣe wà, ni àwọn tó lówó bá ń gba tíṣà sílé ní ìdákọ́ńkọ́, ó tún wá wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ń fa lẹ́sìn ni wọn ò fọwọ́ kàn.

Àwọn míì wá ní ká kúkú yọ ìdánwò kúrò pátápátá. Èyí ló jọ òótọ́ jù létí, òun náà ló sì léwu jù lójú tèmi. Tẹ́ ẹ bá yọ ìdánwò, ohun míì lẹ máa fi rọ́pò ẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè ta ló rọrùn fún láti ra ohun míì yẹn. Iṣẹ́ Chetty tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan jẹ́ kó hàn pé tí ọmọ olówó àti ọmọ ìdílé àárín bá gba máàkì kan náà gan-an nínú SAT, ti olówó ṣì máa ń wọ àwọn yunifásítì àdáni tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà ju ìlọ́po méjì lọ. Ìdí ẹ̀ ni pé wọ́n máa ń wo bóyá òbí ọmọ ti kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rí, wọ́n ń wo eré ìdárayá, wọ́n ń wo ohun tọ́mọ kọ nípa ara ẹ̀ àti lẹ́tà táwọn tíṣà kọ nípa ẹ̀. Lẹ́sìn wà fún gbogbo ìyẹn náà, kódà ìyẹn wọ́n ju ti ìṣirò lọ. MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lórúkọ ní Amẹ́ríkà, fi SAT sílẹ̀ nígbà kòrónà, wọ́n dá a padà lọ́dún 2022, wọ́n ní láìsí máàkì yẹn, ó ṣòro fáwọn láti dá ọmọ tó mọ̀wé mọ̀ tó bá wá láti ilé ìwé tí ò lóhun èlò. Ní England lọ́dún 2020 ńkọ́, tí wọn ò lè ṣe ìdánwò, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà fi ìtàn ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ṣírò máàkì, máàkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 nínú 100 ló wálẹ̀ sí èyí tí tíṣà fún wọn, àwọn ọmọ tó ń ṣe dáadáa nílé ìwé tí ò lórúkọ ló dun jù, ariwo ta, wọ́n sì kó o kúrò láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Èyí tó jọ pé ó ń dé ibi tí ìṣòro wà ni pé kí wọ́n máa fi ọmọ wé àwọn tí wọ́n jọ múra sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà. Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ṣe òfin kan lọ́dún 1997: ọmọ tó bá wà lára 10 tó ga jù nínú 100 nílé ìwé girama ẹ̀, yunifásítì ìpínlẹ̀ máa gbà á, ì báà jẹ́ ilé ìwé abúlé ló ti wá. Brazil ṣe tiwọn lọ́dún 2012, wọ́n ní ìdajì ààyè láwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tàwọn ọmọ tó ṣe girama nílé ìwé ìjọba, torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé yunifásítì tó jẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn, àwọn tí òbí wọn lówó ilé ìwé àdáni ló ń kún ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà náà, láti ọdún 2020, ya 7.5 nínú 100 ààyè ẹ̀kọ́ dókítà sọ́tọ̀ fáwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba tó bá yege NEET.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ṣé wọn ò ní kó aláìmọ̀wé wọlé báyìí? Ó yẹ ká béèrè. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí òfin Texas yẹn gbé wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé wọ́n ń gboyè jáde ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ò ríbi wọlé lọ, owó tó ń wọlé fún wọn náà sì pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ tó tìtorí ẹ̀ pàdánù ààyè rí yunifásítì míì lọ, kò sì hàn pé ó pa wọ́n lára. Ọmọ tó gba 70 láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́, kò rọrùn ká sọ pé ó kéré lọ́pọlọ sí ẹni tó gba 76 pẹ̀lú tíṣà mẹ́ta nílé.

Kí òfin tó yí padà, ọmọ ti wà nílé báyìí, ìdánwò ń bọ̀, owó ò sì sí. Ohun tí mo máa sọ fún irú òbí bẹ́ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ má rò pé lẹ́sìn ọmọ kan ṣoṣo nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àjọ EEF ní England tó ń kó ìwádìí ẹ̀kọ́ jọ ṣírò ẹ̀ pé kíkọ́ ọmọ lóun nìkan ń fi nǹkan bí oṣù márùn-ún kún ìlọsíwájú ẹ̀ láàárín ọdún kan, kíkọ́ ọmọ méjì sí márùn-ún pọ̀ sì ń fi nǹkan bí oṣù mẹ́rin kún un. Ìyàtọ̀ oṣù kan péré! Nítorí náà ìdílé mẹ́rin lè dáwó jọ gba tíṣà kan tó mọṣẹ́, kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọdún kan dáa ju ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Ti ọmọ fúnra ẹ̀ wá ńkọ́, kó yéé ka ìwé lákàtúnkà, ó máa ń dà bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n ni. Àwọn olùwádìí méjì, Roediger àti Karpicke, dán an wò lọ́dún 2006, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n dán ara wọn wò rántí 56 nínú 100 ohun tí wọ́n kà, àwọn tó kàn tún un kà rántí 42. Kó wá àwọn ìbéèrè ọdún tó ti kọjá, kó gbé aago síwájú, kó ṣe é bíi pé ìdánwò gan-an ni, kó máàkì ẹ̀, kó wá kọ ìdí tó fi kùnà èyí tó kùnà sílẹ̀, ṣé kò mọ̀ ọ́n ni, ṣé kò ka ìbéèrè ni àbí àkókò ló tán. Ìdí yẹn niṣẹ́ tí tíṣà olówó gọbọi ń ṣe gan-an. Khan Academy, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jẹ́ ọ̀fẹ́, látọdún 2015 ni wọ́n sì ti ń bá àwọn tó ni SAT ṣe ìmúrasílẹ̀ ọ̀fẹ́, ẹni tí ò bá ní dátà lè lo ilé ìkàwé ìjọba tàbí ti ilé ìwé tó bá wà nítòsí.

Ẹ sì bi ẹni tó fẹ́ gba owó yín ní ìbéèrè kan kẹ́ ẹ tó sanwó: "Báwo lẹ máa ṣe mọ ibi tọ́mọ mi ti ń kùnà?" Tó bá lóun á kọ́kọ́ dán an wò, òun á wo ìwé ẹ̀, ẹ lè bá a sọ̀rọ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé máàkì tọ́mọ máa gbà ló ń ṣèlérí, tàbí tó ń sọ fún yín pé òun mọ ìbéèrè tó ń bọ̀, ẹ mú owó yín kẹ́ ẹ máa lọ, torí tí wọ́n bá mú ẹni tó ń ta ìbéèrè, máàkì ọmọ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fagi lé.